Ta Ló Ṣáájú Ta? Ìwé Ipò Àwọn Awakọ̀ Bàálù Nígbà Tí Ilé-Iṣẹ́ Méjì Bá Di Ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn awakọ̀ gáréèjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin aṣojú òṣìṣẹ́, ẹ̀yin awakọ̀ tó fi tọ́ọ̀nù sílẹ̀ wá síbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Bàálù kì í balẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á gba Ìlọrin lọ, tàbí kó gba Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, torí kò sí agbo ilé kan ní ìlú yìí tí wọn kò ti ń béèrè pé ta ló ṣáájú ta. Nínú agbo ilé, ọjọ́ tí wọ́n bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fi ń ka ipò rẹ̀. Bí ìyàwó tuntun bá jẹ́ ẹni ogójì ọdún, tí èyí tó bá nílé jẹ́ ẹni ọgbọ̀n, ẹni ọgbọ̀n náà ni yóò máa pè ní ìyálé. Ẹnikẹ́ni kì í jiyàn rẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé. Ẹ wá fojú inú wò ó pé agbo ilé méjì wó ògiri tó wà láàárín wọn, wọ́n ní kí gbogbo ìyàwó tò sórí ìlà kan, láti orí ìyálé àgbà dé orí ẹni tó wọlé lánàá. Ibi tí ìjà àwọn awakọ̀ bàálù ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ńlá, pàápàá ní Amẹ́ríkà, ìgbà tí awakọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ìwé ipò, tí yóò sì gba nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni yóò máa bá a gbé títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí ẹni tó wà níwájú bá lọ, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn á sún sókè ní ẹyọ kan. Òun ló ń sọ bóyá ìjókòó òsì, ti kápítéènì, ni wàá jókòó sí, àbí ti ọ̀tún, ti igbákejì. Òun ló ń sọ irú bàálù tí wàá máa wà, bẹ́ẹ̀ owó bàálù ńlá ju ti kékeré lọ dáadáa. Òun ló ń sọ ìlú tí wàá ti máa gbéra, ọjọ́ tí wàá fi sùn nílé láàárín oṣù, àti ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Bí ọjà bá sì dẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ ní kí àwọn kan lọ jókòó sílé ná láìgbowó, láti ìdí ìwé ni wọ́n ti ń ká a bọ̀ wá sókè.

Nọ́ńbà yìí kò ṣeé gbé kúrò níbi tí a ti gbà á. Kápítéènì tó ti lo ogún ọdún, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá kógbá sílé lónìí, ìdí ìwé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, lábẹ́ ọmọ tó gba ìwé àṣẹ lọ́dún tó kọjá. Dókítà lè gbé orúkọ rẹ̀ láti ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn, agbẹjọ́rò náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ bàálù kò lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni kò jẹ́ kí ìjà yìí dà bí ìjà oyè lásán.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn kò fi ní kí ọ̀gá máa yan ẹni tó bá mọṣẹ́ jù. Ìdí pàtàkì wà. Awakọ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn bí ó bá ní òun kò ní gbéra nínú ìjì, tàbí tó ní ẹ̀rọ kan kò dá òun lójú. Bí ìgbéga rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá tí ìdádúró yẹn ná lówó, ẹ̀rù á máa bà á láti sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà ló ń gbé e ga, ọ̀gá kò lè fi ipò fìyà jẹ ẹ́. Ìdánwò ni a fi ń yọ ẹni tí kò mọṣẹ́, nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, léraléra, títí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Láti ọdún 1931 tí àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ wọn, ALPA, sílẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ ààbò báyìí ti wà lára ohun tí wọ́n ń jà fún, mo sì gbà pé ó tọ́.

Ẹ̀yin awakọ̀ gáréèjì, ẹ bá mi ka èyí. Ká ní gáréèjì méjì ló ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn. Èkíní ní mọ́tò 60, ó sì ń kún 20 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni tọ́ọ̀nù ń kan awakọ̀ kan. Èkejì ní mọ́tò 20, ó ń kún 20 lójúmọ́. Ojoojúmọ́ ni awakọ̀ ibẹ̀ ń gbé èrò. Wọ́n wá da méjèèjì pọ̀. Mọ́tò di 80, ẹrù ọjọ́ kan di 40, tọ́ọ̀nù wá ń kan olúkúlùkù ní ọjọ́ méjì-méjì. Awakọ̀ gáréèjì kìíní jèrè, ti èkejì pàdánù ìdajì oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Ohun tí olúkúlùkù gbé wá sí ìdàpọ̀, àti ibi tí ọjọ́ iwájú rẹ̀ ì bá dé ká ní ìdàpọ̀ kò ṣẹlẹ̀, ni àwọn awakọ̀ bàálù kọ́kọ́ máa ń gbé síwájú onílàjà, ẹni tí wọ́n yàn láti dá ọ̀rọ̀ náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti bàálù. Àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni. Ilé-iṣẹ́ Òkè ní awakọ̀ 600: kápítéènì bàálù ńlá 100, kápítéènì bàálù kékeré 200, igbákejì bàálù ńlá 100, igbákejì bàálù kékeré 200. Àwọn 500 nínú wọn ti wọṣẹ́ kí ó tó di ọdún 2010. Lẹ́yìn ìyẹn Òkè kò gba ẹnikẹ́ni mọ́ títí di 2019. Ilé-iṣẹ́ Ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó ń dàgbà kíákíá, awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300: kápítéènì 150, igbákejì 150, gbogbo wọn lórí bàálù kékeré. Nígbà tí wọ́n bá dà pọ̀, awakọ̀ jẹ́ 900, ìjókòó kápítéènì jẹ́ 450.

Bí a bá fi ọjọ́ ìwọṣẹ́ nìkan tò wọ́n, bí a ti ń to ìyàwó ilé, ẹni àkọ́kọ́ ní Ìsàlẹ̀ á di nọ́ńbà 501. Ìjókòó kápítéènì ti tán ní 450. Ìyẹn ni pé bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn tún ìjókòó yàn, kò ní ku kápítéènì kan ṣoṣo láti Ìsàlẹ̀. Gbogbo 150 wọn á padà sí ìjókòó ọ̀tún, àwọn igbákejì Òkè 150 á sì gun orí ìjókòó tí àwọn Ìsàlẹ̀ gbé wá sílé.

Bí a bá ní ká máa mú wọn ní méjì sí ẹyọ kan, ẹni méjì láti Òkè, ẹnìkan láti Ìsàlẹ̀, torí 600 sí 300 ni, ẹni àkọ́kọ́ ní Ìsàlẹ̀ á di nọ́ńbà 3. Ó ti lè fọwọ́ kan bàálù ńlá tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí. Nínú ìjókòó kápítéènì bàálù ńlá 100 tó jẹ́ ti Òkè látilẹ̀, 67 ló máa kù lọ́wọ́ Òkè, 33 á ti bọ́ sọ́wọ́ Ìsàlẹ̀. Ariwo á wá dé láti apá kejì.

Ọ̀nà kẹta ni kí a fi ipò àti irú bàálù tò wọ́n. Kápítéènì bàálù ńlá 100 ti Òkè á wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn wọn, kápítéènì bàálù kékeré 350, tí a ó fi mẹ́rin Òkè sí mẹ́ta Ìsàlẹ̀ há sáàárín ara wọn, láti nọ́ńbà 101 dé 450. Igbákejì bàálù ńlá tẹ̀lé e, 451 dé 550. Igbákejì bàálù kékeré ló gbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pàdánù ìjókòó tó wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin kan ní Òkè tó wọṣẹ́ ní 2004, tó jẹ́ ẹni 315 nílé wọn, ìyẹn igbákejì bàálù ńlá kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ti di 465. Ẹni 90 ní Ìsàlẹ̀, tó wọṣẹ́ ní 2016 tó sì ti di kápítéènì, bọ́ sí 310. Ọdún 12 ni ọkùnrin Òkè fi ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ báyìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ohun tí ọkùnrin Òkè á máa tún sọ títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nìyẹn.

Torí náà ni àwọn onílàjà fi ń da ọ̀nà méjì pọ̀ nígbà mìíràn. Wọ́n á fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ipò nípa ọdún iṣẹ́, wọ́n á tún fún un ní ipò nípa ìjókòó, wọ́n á wá fi ìdá kan pín méjèèjì kí wọ́n tó ro wọ́n pọ̀. Ọkùnrin Òkè jẹ́ 315 nípa ọdún, 465 nípa ìjókòó. Ti Ìsàlẹ̀ jẹ́ 590 nípa ọdún, 310 nípa ìjókòó. Ẹ fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún, 70 fún ìjókòó: Òkè ní 420, Ìsàlẹ̀ ní 394, Ìsàlẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ fi 40 fún ọdún, 60 fún ìjókòó: Òkè ní 405, Ìsàlẹ̀ ní 422, Òkè ti bọ́ síwájú. Mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló yí ayé ẹni méjì padà. Ẹni tó bá jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà láìgbé ìṣirò yìí dání, ó kàn ń bá wọn ka ẹni ni.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo kórìíra láti ọkàn mi wá. Wọ́n á mú gbogbo awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì, wọ́n á fi pínnì kàn wọ́n mọ́ ìdí ìwé ti àkọ́kọ́. Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ní orúkọ fún un, orúkọ pínnì ìwé náà ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ TWA lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin ìwọko-gbèsè, American Airlines sì rà á ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ẹgbẹ́ ALPA ló ń ṣojú awakọ̀ TWA; ẹgbẹ́ mìíràn, APA, ló ń ṣojú ti American. Nígbà ríra yẹn, awakọ̀ TWA jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ tí àdéhùn wọn fún wọn pé onílàjà ni yóò to ìwé. Apá kan nínú wọn ni American há sáàárín àwọn awakọ̀ tirẹ̀. Àwọn tó kù, ìdí ìwé ni wọ́n kàn wọ́n mọ́. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, èrò dẹ̀, ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé láti ìdí. Ẹ mọ àwọn tó wà ní ìdí.

Awakọ̀ TWA gbé ẹgbẹ́ tiwọn fúnra rẹ̀, ALPA, lọ sí kóòtù pé kò jà fún àwọn bó ti yẹ. Ní 2011 ìgbìmọ̀ adájọ́ ní New Jersey dá wọn láre, ní 2014 ẹgbẹ́ náà gbà láti san 53 mílíọ̀nù dọ́là. Òfin tí wọ́n dìrọ̀ mọ́ ti pẹ́: láti 1944 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ, nínú ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè aláwọ̀ dúdú tí ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun ń fi ipò wọn tọrẹ, pé ẹgbẹ́ tó bá ń ṣojú gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ lo agbára rẹ̀ lòdì sí àwọn tó kéré níye nínú wọn. Gbogbo aṣojú tó wà níbí, ìdájọ́ yẹn ló yẹ kí ẹ máa rántí nígbà tí àwọn tó pọ̀ jù bá ń pàtẹ́wọ́ fún yín.

Ìyà TWA ló bí òfin McCaskill-Bond ní oṣù kejìlá 2007. Ó sọ pé bí ilé-iṣẹ́ bàálù méjì bá dà pọ̀, kí wọ́n to ìwé ipò ní ọ̀nà tó tọ́ tó sì bá ẹ̀tọ́ mu. Bí wọn kò bá lè fẹnu kò, kí onílàjà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ labẹ gé dá a. Inú ìlànà ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù Allegheny àti Mohawk ti 1972 ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹgbẹ́ kan náà bá ń ṣojú apá méjèèjì, ìlànà inú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n á tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n onílàjà nìkan kò tó. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù nìyí.

Ní oṣù kẹsàn-án 2005, America West, tí ilé rẹ̀ wà ní Phoenix, dà pọ̀ mọ́ US Airways. Awakọ̀ US Airways jẹ́ nǹkan bí 5,000, ti America West jẹ́ nǹkan bí 1,900. US Airways ti lọ sábẹ́ òfin ìwọko-gbèsè lẹ́ẹ̀mejì, ní 2002 àti 2004; owó oṣù awakọ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì wọn ti lọ, púpọ̀ nínú wọn sì wà nílé láìsí iṣẹ́. Àgbà ni wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti lò. Àwọn ti America West kéré lọ́dún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. ALPA ló ń ṣojú apá méjèèjì. Ìjíròrò forí ṣánpọ́n, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ onílàjà, George Nicolau. Ní oṣù karùn-ún 2007 ìdájọ́ rẹ̀ jáde: nǹkan bí 500 àgbà US Airways ló fi sókè pátápátá nítorí bàálù ńlá tí wọ́n gbé wá, ó há àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sáàárín ara wọn, àwọn tó wà nílé ló fi sí ìdí. Ẹni tó ti lé ní ọdún 15 ní US Airways rí i pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ America West wà níwájú òun.

Apá ìlà oòrùn, ti US Airways, kọ̀ jálẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe lè kọ ìdájọ́ tí gbogbo wọn ti gbà pé labẹ gé? Ihò kan wà nínú àdéhùn ìdàpọ̀ wọn. Wọ́n kọ ọ́ pé ìwé ipò tuntun kò ní ṣiṣẹ́ títí apá méjèèjì á fi ní àdéhùn owó iṣẹ́ kan ṣoṣo, àdéhùn náà sì gbọ́dọ̀ gba ìbò àwọn awakọ̀. Àwọn tí ìwé náà bí nínú ló pọ̀ jù, ọ̀dọ̀ wọn ni ìbò wà. Bí kò bá sí àdéhùn owó, kò sí ìwé ipò. Wọ́n kúkú fi owó tiwọn náà rúbọ. Ní oṣù kẹrin 2008 wọ́n dìbò lé ALPA jáde, wọ́n gbé ẹgbẹ́ tuntun, USAPA, wọlé, ẹgbẹ́ tí òfin inú rẹ̀ sọ pé ọjọ́ ìwọṣẹ́ ni òun dúró lé. Apá ìwọ̀ oòrùn, ti America West, gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n jàre ní 2009. Kóòtù tó ga ju ìyẹn lọ ní 2010 ní àkókò ẹjọ́ náà kò tíì tó. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan, àwọ̀ kan lára bàálù, ṣùgbọ́n awakọ̀ apá méjì, ìwé ipò méjì, àdéhùn owó méjì. Nígbà tí US Airways tún dà pọ̀ mọ́ American ní oṣù kejìlá 2013, ìjà náà ṣì ń lọ. Oṣù kẹsàn-án 2016 ni ìgbìmọ̀ onílàjà mẹ́ta tó gbe ìwé kan ṣoṣo jáde fún gbogbo wọn. Ọdún 11. Àwọn kan ti fẹ̀yìn tì láìjẹ nínú ìdàpọ̀ yẹn rárá.

Ẹ fi wé Delta àti Northwest. Àwọn náà kò lè fẹnu kò lórí ìwé ipò, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ dá ìdàpọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n yí ètò padà. Àdéhùn owó kan ṣoṣo fún apá méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ parí, àwọn awakọ̀ dìbò sí i ní oṣù kẹjọ. Ìdàpọ̀ wáyé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá. Ìgbìmọ̀ onílàjà gbé ìwé ipò jáde ní oṣù kejìlá. Inú bí àwọn kan níbẹ̀ náà, pàápàá àwọn ti Northwest tó fẹ́ ọjọ́ ìwọṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fà sẹ́yìn mọ́: owó ti wà lọ́wọ́, ìbò ti kọjá. United àti Continental gba ọ̀nà kan náà: àdéhùn owó ní oṣù kejìlá 2012, ìwé ipò ní oṣù kẹsàn-án 2013.

Ohun tí mo wá sọ fún yín gan-an nìyẹn. Ìṣirò kọ́ ló ń ba ìdàpọ̀ jẹ́ jù. Ètò ló ń bà á jẹ́: kí a fi ìwé ipò sẹ́yìn ìbò kan tí apá tó pọ̀ jù lè fi dí i lọ́nà. Kí owó ṣáájú, kí ìwé tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ tí onílàjà gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ wà lákọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò jàre.

Àtipẹ́, kí ilé-iṣẹ́ má fi òṣìṣẹ́ sáàárín òkùnkùn. Ní Íńdíà, wọ́n da Air India àti Indian Airlines pọ̀ ní 2007, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ awakọ̀ méjì ni wọ́n ṣì jẹ́, owó wọn kò dọ́gba. Ní 2011 apá kan daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó. Ní 2012 apá kejì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 58 nítorí pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ kọ́ awakọ̀ apá kìíní ní bàálù tuntun, Boeing 787. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìdàpọ̀, wọn kò tíì dáhùn ìbéèrè ẹni tó ni bàálù tuntun.

Nísinsin yìí, iṣẹ́ ọwọ́. Bí a bá gbọ́ pé ìdàpọ̀ ń bọ̀, nǹkan àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí a ó fi di ìwé méjèèjì pa. Ẹni tí wọ́n bá gbà sí iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ìdàpọ̀, ó mọ ohun tó ń bọ̀, ìdí ìwé tuntun ni yóò wà. Láìdi ọjọ́ yẹn pa, ilé-iṣẹ́ kan lè sáré gbé igbákejì 40 sípò kápítéènì kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìwọṣẹ́, ìjókòó, irú bàálù, ibùdó. Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ilé-iṣẹ́ kan ń ka ọjọ́ ìwọṣẹ́ láti ọjọ́ kíláàsì, èkejì ń kà á láti ọjọ́ tí awakọ̀ kọ́kọ́ gbé èrò. Oṣù mẹ́ta lè wà láàárín méjèèjì. Àkókò tí ẹnìkan fi jókòó sílé láìgbowó ńkọ́, ṣé a ó kà á mọ́ ọdún iṣẹ́? Obìnrin tó lọ bímọ, ẹni tí àìsàn dá dúró, aṣojú tó ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ ní ọ́fíìsì, ìjókòó wo ni a ó kọ sí iwájú orúkọ wọn? Ọjọ́ ìbí náà kì í ṣe ohun kékeré. Ọdún 65 ni awakọ̀ ọkọ̀ èrò ńlá ń fẹ̀yìn tì lábẹ́ òfin àgbáyé, torí náà ọjọ́ ìbí ló ń sọ iye ènìyàn tí yóò kúrò níwájú rẹ lọ́dọọdún. Bí àwọn àgbà ilé kan bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì tán, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń retí ìjókòó yẹn. Bí a bá há àwọn ọ̀dọ́ ilé kejì síwájú wọn, àlàfo tí bàbá wọn fi sílẹ̀ á di ti ẹlòmíràn. Kí a lẹ ìwé méjèèjì síta, kí olúkúlùkù wo ìlà tirẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ ìjiyàn ní òpin.

Lẹ́yìn ìwé ipò, ọgbà. Ìyẹn ni àwọn ìdènà tí wọ́n ń kọ mọ́ ìwé náà. Àkọ́kọ́ ni pé a kì í lé ẹni tó ti jókòó. Nọ́ńbà tuntun á ṣiṣẹ́ bí àyè bá ṣí, ṣùgbọ́n kò ní yọ ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà lọ́jọ́ ìdàpọ̀. Ilé-iṣẹ́ pàápàá fẹ́ èyí, torí bí kápítéènì bàálù ńlá kan bá já bọ́ sí bàálù kékeré, ó tì ẹnìkan sí ìjókòó igbákejì, ìyẹn náà tún ti ẹlòmíràn. Ìyípadà kan ti di ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nínú kíláàsì àti nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, owó oṣù ń lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbé èrò. Ìdènà kejì ni pé kí bàálù ńlá tí Òkè gbé wá jẹ́ ti awakọ̀ Òkè fún iye ọdún kan. Ó ń tu àgbà nínú, mo fara mọ́ ọn bí kò bá pọ̀ jù. Bí ọgbà bá pẹ́ jù, ilé-iṣẹ́ méjì náà ni a ṣì ní, orúkọ nìkan ló di ẹyọ kan.

Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ẹgbẹ́ NAAPE ló ń ṣojú awakọ̀ àti ẹnjiníà bàálù ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC ló sì ń wo ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 2018. Ẹ̀yin tó ṣiṣẹ́ báǹkì rántí 2004 àti 2005, nígbà tí wọ́n gbé owó ìpìlẹ̀ báǹkì láti bílíọ̀nù 2 lọ sí bílíọ̀nù 25 náírà, tí báǹkì 89 di 25. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ipò ṣe rí nígbà náà, tí máníjà báǹkì kékeré ń béèrè orúkọ tí wọ́n máa pe òun ní báǹkì ńlá. Ibi tí òfin kò bá ti dárúkọ bí a ó ṣe to òṣìṣẹ́, inú àdéhùn iṣẹ́ ni kí a kọ ọ́ sí, nígbà tí kò tíì sí ìdàpọ̀ kankan lójú ọ̀run. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí a kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ra ilé-iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gba àdéhùn yìí pẹ̀lú rẹ̀. Kí a kọ ọ́ pé kò ní lé ẹnikẹ́ni láti ìdí ìwé kankan títí ìwé kan ṣoṣo á fi jáde. Kí a kọ bí a ó ṣe yan onílàjà àti iye ọjọ́ tó ní. Kí apá kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ àti agbẹjọ́rò tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìwé ipò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n; kí olórí ẹgbẹ́ má jókòó sí apá kankan, kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà má dá sí i.

Ohun kan ṣoṣo kù tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Ọgbà tí a kọ́ fún ọdún márùn-ún, ó ní ọjọ́ tí yóò wó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo awakọ̀ Ìsàlẹ̀ tó ti ń dúró ni yóò fẹ́ kọ́ bàálù ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìdánrawò kan ṣoṣo lè wà nílẹ̀, tó ń gba ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan. Kí a ti kọ iye tí yóò wọlé lóṣù, kí a ti kọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé, kí a sì kọ owó oṣù tí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n tí àyè kò tíì kàn án, yóò máa gbà títí àyè yóò fi kàn án.

Ẹ ṣeun, mo ṣe tán láti gba ìbéèrè.